Òfin Ta Ni? Ìtàn Fídíò Orin Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Fẹ́ Ṣe Tirẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kan wò. Ẹ pa ojú dé, kí ẹ ro fídíò orin kan, èyíkéyìí. Kí lẹ rí? Mo lè fi oúnjẹ ọ̀sán mi ta tẹ́tẹ́ pé olórin kan ń na ìka sí kámẹ́rà, mọ́tò olówó ńlá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọmọge mẹ́ta sí mẹ́rin ń jùdí, dígí dúdú sì wà lójú olórin bó tilẹ̀ jẹ́ pé alẹ́ ni. Tó bá jẹ́ orin ìfẹ́ ni, ẹ yọ mọ́tò kúrò, ẹ fi etíkun àti òdòdó rọ́pò rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti àwọn onígìtá òyìnbó, ẹ kó wọn lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tó ti ṣófo, kí wọ́n máa gbọn irun.

Ta ló ṣe òfin yìí? Ìgbà wo ló ṣe é? Ṣé òfin ni lóòótọ́, àbí àṣà lásán?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ká gbogbo ibi, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè kọrin ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá, ó ń wá ọ̀rẹ́ tó ní kámẹ́rà, ó sì ń ṣe fídíò. Ibi tí owó ti ń tán nìyẹn. Mo mọ ẹni tó fi owó ilé odindi oṣù mẹ́ta háyà mọ́tò fún ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Fídíò náà jáde, ó dára, àmọ́ kò sí ẹni tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ogún mìíràn tó jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Owó lọ, orúkọ ò dé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó na kọ́bọ̀, ó yẹ kó mọ ibi tí àwọn àṣà wọ̀nyí ti wá. Àṣà tí a bá mọ ìdí rẹ̀ nìkan la lè mọ̀ bóyá ó kàn wá tàbí kò kàn wá.

Fídíò Gẹ́gẹ́ Bí Àrokò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé MTV ló bí fídíò orin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1965, Bob Dylan dúró sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì Savoy ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kó àwọn páálí dání tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin sí lára, ó sì ń jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí orin náà ṣe ń lọ. Kò yanu kọrin rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù Dont Look Back tí D. A. Pennebaker gbé jáde ní 1967. Ẹ wo ohun èlò rẹ̀ ná: páálí, yíǹkì, kọ̀rọ̀ kan. Ó parí.

Nígbà tó fi máa di 1966, ó ti ń sú àwọn Beatles láti máa ti ilé tẹlifíṣọ̀n kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n ní kí Michael Lindsay-Hogg ya àwọn bí àwọn ṣe ń ṣe orin Paperback Writer àti Rain, wọ́n sì fi fíìmù náà ránṣẹ́ dípò ara wọn. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Olórin kò lè wá, ó rán àwòrán ara rẹ̀. Bí àwọn baba wa ṣe ń pa àrokò sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ ni fídíò orin ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ti Queen ní 1975 tún fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Orin wọn, Bohemian Rhapsody, gùn ju ohun tí rédíò fẹ́ràn lọ, apá kan inú rẹ̀ sì kún fún ohùn orí ohùn débi pé kò ṣeé kọ lórí ìtàgé bó ṣe wà nínú àwo. Wọ́n sì ń múra ìrìn àjò, wọn kò ní ráyè yọjú sí ètò Top of the Pops ti BBC. Ni wọ́n bá ní kí Bruce Gowers ya fídíò kan fún wọn. Nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi yà á, owó rẹ̀ kò sì tó 5,000 pọ́n-ùn. Orí mẹ́rin nínú òkùnkùn tí gbogbo ènìyàn rántí nínú rẹ̀, wọ́n mú un láti ara fọ́tò tí Mick Rock yà fún páálí àwo orin wọn ti 1974. Orin náà wà ní ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Látìgbà náà ni àwọn tó ń gbé àwo jáde ti gbà pé fídíò lè ta ọjà.

Níbí la ti rí ìdí òfin àkọ́kọ́: ojú olórin gbọ́dọ̀ hàn, ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa bá orin lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń retí nílé tẹlifíṣọ̀n. Tí kò bá lè wá, ojú rẹ̀ ní láti dé.

Nígbà Tí Àrokò Di Ọjà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1981, MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Fídíò tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ni Video Killed the Radio Star ti ẹgbẹ́ Buggles, èyí tí Russell Mulcahy darí ní 1979. Tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́ ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nílò fídíò rẹpẹtẹ, fídíò kò sì pọ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń ṣe é tipẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn olórin Gẹ̀ẹ́sì kún ojú tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní ọdún mélòó kan yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde ló ń sanwó fídíò. Ẹni tó bá sanwó fún dùndún ló ń dárúkọ orin, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ohun tí olówó fẹ́ kò le: kí ojú olórin hàn títí yóò fi wọ èèyàn lórí, kí aṣọ rẹ̀ àti irun rẹ̀ rí bákan náà nínú gbogbo fídíò, kí ẹni tó bá dé ọjà lè dá a mọ̀ lára páálí àwo.

Àmọ́ kì í ṣe ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n fẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni MTV ń fi fídíò àwọn olórin dúdú hàn. Ní 1983, David Bowie, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun, dojú ọ̀rọ̀ náà kọ wọn nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí MTV gan-an: kí ló dé tí àwọn olórin dúdú fi ṣọ̀wọ́n lórí ètò yín? Ní oṣù kẹta ọdún yẹn ni Billie Jean ti Michael Jackson bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejìlá, Thriller dé. John Landis, olùdarí fíìmù sinimá, ló ṣe é. Ó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó ní ìtàn, ó ní ìbẹ̀rù, òkú jí, òkú jó. Ní 2009, òun ni fídíò orin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sínú àkójọ fíìmù tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú fún ìran tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Thriller. Ohun tó ṣe nìyí: ó lo òfin fíìmù ẹ̀rù láti rú òfin fídíò orin. Ó dá orin dúró láàrin, ó jẹ́ kí àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, ó jẹ́ kí ojú olórin, ojú tí owó wà lára rẹ̀, di ojú ẹranko. Síbẹ̀ kò sọ ijó nù. Gbogbo wa la ṣì lè gbé ọwọ́ sókè bí àwọn òkú yẹn. Ohun tó dì mú ló jẹ́ kí ohun tó sọ nù ṣeé gbà.

Àwọn Àṣà Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kan Kà Sílẹ̀

Ní 1992, Andrew Goodwin gbé ìwé rẹ̀, Dancing in the Distraction Factory, jáde. Láti inú ìwé yẹn ni àwọn olùkọ́ ti fa àwọn kókó kan yọ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Èkíní, irú orin kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀: ti onígìtá yàtọ̀, ti onírápù yàtọ̀. Èkejì, àwòrán àti ìró máa ń bá ara wọn rìn. Tí ìlù bá sáré, àwòrán á máa yí kíákíá. Ẹ̀kẹta, ilé-iṣẹ́ tó sanwó fẹ́ rí ojú olórin nítòsí. Ẹ̀kẹrin, wíwò ni fídíò fi ń pe ènìyàn, pàápàá wíwo ara obìnrin. Ìkarùn-ún, fídíò máa ń yá nǹkan lò lára fíìmù, lára ètò tẹlifíṣọ̀n, lára fídíò mìíràn.

Ìkẹfà ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn bí àwòrán ṣe ń bá ọ̀rọ̀ orin ṣe. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ká ní orin kan ń sọ̀rọ̀ òjò. Tí òjò bá ń rọ̀ nínú fídíò, àwòrán kàn ń tún ọ̀rọ̀ sọ ni. Tí a bá rí ìyá kan tó ń gbé garawa kiri sábẹ́ òrùlé tó ń jò, àwòrán ti fi kún ọ̀rọ̀ nìyẹn. A ti mọ irú ilé tí òjò náà ń rọ̀ sí. Tí a bá wá rí ọkùnrin kan tó jókòó sínú oòrùn, tó ń lọ aṣọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, àwòrán àti ọ̀rọ̀ ti pínyà, òǹwòran ló máa wá so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fídíò akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọjá ti àkọ́kọ́. Olórin ní “ọkàn mi”, ó gbá àyà. Ó ní “fóònù”, ó gbé ọwọ́ sétí. Ẹ jọ̀ọ́, a ti gbọ́!

Àwọn Tó Rú Òfin, Àti Ìdí Tó Fi Yọrí Sí Rere

Ní 1985, ẹgbẹ́ Replacements kò fẹ́ ṣe fídíò, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é. Èyí tí wọ́n ṣe fún Bastards of Young fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ju ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan lọ, tí kámẹ́rà tẹjú mọ́. Ẹnì kan jókòó, ó ń mu sìgá, orin ń lọ. Nígbà tó parí, ó ta gbohùngbohùn nípàá. Kò sí ojú olórin, kò sí ijó. Ẹni tó mọ òfin nìkan ló lè rí i pé wọ́n ń fi òfin ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìtàn ẹgbẹ́ a-ha láti Nọ́wè tún kàn wá ju ìyẹn lọ. Ní 1984, wọ́n gbé Take On Me jáde pẹ̀lú fídíò tó tẹ̀lé gbogbo àṣà: ẹgbẹ́ dúró, wọ́n kọrin, ó tán. Kò lọ síbì kankan. Ní 1985, wọ́n tún orin náà gbà, wọ́n sì gbé fídíò tuntun fún Steve Barron, ẹni kan náà tó darí Billie Jean. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, níbi tí ọmọbìnrin kan ti wọ inú ìwé àwòrán, tí ọkùnrin tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà di ènìyàn. Nǹkan bí 3,000 àwòrán ni Michael Patterson àti Candace Reckinger fi ọwọ́ yà, ó sì gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Níbo ni wọ́n ti rí ọgbọ́n náà? Patterson ti ṣe fíìmù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Commuter nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ CalArts ní Kalifọ́níà. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni! Òun ni wọ́n rí tí wọ́n fi pè é. Orin tó ti kú di nọ́ńbà kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1985, fídíò náà sì gba àmì-ẹ̀yẹ mẹ́fà lọ́wọ́ MTV ní 1986.

Lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì dé. Ní 2005, ọdún tí YouTube bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́rin ẹgbẹ́ OK Go jó sẹ́yìnkùlé ilé kan, kámẹ́rà kan ṣoṣo dúró lójú kan, kò mira. Arábìnrin olórin wọn, Trish Sie, ló kọ́ wọn ní ijó náà. Ní 2006, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìsáré mẹ́jọ kalẹ̀, wọ́n jó lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìgé àwòrán níbì kankan. Ìgbà kẹtàdínlógún ni wọ́n tó ṣe é dé ibi tí wọ́n fẹ́. Fídíò náà, Here It Goes Again, gba Grammy ní 2007. Tí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: àwọn tí kò ná owó fi làálàá dípò owó.

Nílé Níbí

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa rántí VCD fújì ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Olórin á jáde nínú mọ́tò, á rìn yí i ká, á pààrọ̀ aṣọ léraléra, àwọn oníjó á tò sẹ́yìn, orúkọ olówó tí wọ́n ń kì á sì máa dún. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mọ́tò àti aṣọ yẹn ní ìdí: òde àríyá ni fújì ti ń jẹun, ẹni tó bá fẹ́ pe olórin sóde ìnáwó gbọ́dọ̀ rí i pé ó kún ojú òṣùwọ̀n. Fídíò náà jẹ́ oríkì tí a fi ojú wò. Àmọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọrin ní òde ìnáwó rí bá dúró ti mọ́tò háyà, ìdí wo ló wà níbẹ̀?

Ní 2005, MTV Base bẹ̀rẹ̀ fún Áfíríkà, 2Face Idibia sì gba àmì-ẹ̀yẹ olórin Áfíríkà tó dára jù níbi ayẹyẹ MTV ti Yúróòpù lọ́dún náà. Ojú àwọn ọ̀dọ́ là: fídíò wa lè dé òkè òkun. Èyí dára. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò bíi ti òkè òkun kó lè dé òkè òkun.

Àmọ́ ẹnì kan wà nílé tó ti dá ìbéèrè yìí lóhùn tipẹ́. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òfin tó le jù nínú fídíò orin nìyẹn náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Lágbájá ti fi aṣọ bo ojú. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe fún àrà ọjọ́ kan: nínú fídíò, lórí ìtàgé, nínú fọ́tò. Orúkọ rẹ̀ gan-an, ẹni tí a kò dárúkọ ni. Nígbà tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọn, aṣọ ló bá pàdé. Ó yẹ kí òwò bàjẹ́, àbí? Kò bàjẹ́. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà dá a mọ̀ láìmọ ojú rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ilẹ̀ Yorùbá ti ní eré kan tipẹ́tipẹ́ tí kì í fi ojú hàn. Nígbà tí eégún bá jáde, kò sẹ́ni tó ń béèrè ojú. Aṣọ, ìrìn, ohùn àti ìlù la fi ń dá a mọ̀. Lágbájá kò kàn ju òfin fídíò nù kó wá dúró sí gbalasa. Ó lọ mú òfin eré mìíràn, tó dàgbà ju tẹlifíṣọ̀n lọ, ó fi rọ́pò rẹ̀. Thriller fi fíìmù ẹ̀rù ṣe é, a-ha fi ìwé àwòrán ṣe é, Lágbájá fi aṣọ eégún ṣe é. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa nìyẹn: àṣà kan la fi ń borí àṣà mìíràn. Ẹni tó bá rú òfin láìní nǹkan tó máa fi dí àlàfo, ariwo ló ń pa.

Ó Wá Kù Sọ́wọ́ Wa

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn 2008, ìdánwò kan wà fún ọmọ ilé-ìwé girama àgbà tó ń kọ́ nípa ìròyìn àti fíìmù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ya fídíò orin fún un. Lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn lẹ́yìn iṣẹ́ ni pé: ọ̀nà wo ni iṣẹ́ yín gbà lo àṣà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wo ló gbà mú un gbòòrò, ọ̀nà wo ló gbà takò ó? Ó wù mí kí àwa náà máa bi ara wa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó jẹ́ kí kámẹ́rà tó tàn.

Ẹ kọ gbogbo àṣà irú orin yín sílẹ̀ sínú ìwé. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdí tó fi wà. Mọ́tò: láti fi ọlá hàn. Ṣé ọlá ni orin yìí ń sọ? Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Fífi ẹnu bá orin lọ: kí òǹwòran mọ ẹni tó ń kọrin. A nílò ìyẹn, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ wá. Ẹ jẹ́ kó dúró. Tí ẹ bá ti pa méjì tàbí mẹ́ta mọ́, òǹwòran á mọ ilé tó wọ̀, ẹ wá lè yí ẹyọ kan padà pátápátá. Ilé wa kún fún ohun tí a lè fi yí i: àlọ́, ìpolówó ọjà, ìkéde kọ́ńdọ́ inú dánfó, yàrá ìdánwò tí olùṣọ́ ń rìn kiri nínú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo orin ìfẹ́ tí wọ́n yà bí ìdánwò, tí ọmọkùnrin náà ń wo ìwé ẹlòmíràn! Àga àti tábìlì ti wà nílẹ̀, kò gba kọ́bọ̀.

Ọ̀kan tó kù ni mi ò fẹ́ ká fi ṣeré, ìyẹn àṣà wíwo ara obìnrin. Àwọn ọmọge inú fídíò ńlá, iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún ni, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Tiwa, ọmọ kíláàsì wa ni. A ní kó wá bá wa jó, a kò san nǹkan kan, a kò sọ bí kámẹ́rà ṣe máa wò ó fún un, ó dé ibẹ̀ tán ni a wá ní kó wọ péńpé. Láyé VCD, àwo á há, á sọnù. Lónìí, fídíò kì í kú. Ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ lọ́dún mẹ́wàá sí i lè rí i, ọmọ rẹ̀ lè rí i. Tí orin bá nílò ijó, ẹ jẹ́ kí oníjó náà mọ gbogbo ohun tí a fẹ́ yà, kó yan aṣọ rẹ̀, kó sì wo iṣẹ́ náà kó tó jáde. Trish Sie kò jó fún ẹnikẹ́ni nínú fídíò ẹ̀yìnkùlé yẹn. Òun ló kọ́ àwọn ọkùnrin níjó. Ẹ ò rí i pé ìyẹn náà jẹ́ ipò kan?

Michael Patterson kò mọ̀ pé fíìmù ilé-ìwé òun máa di ohun tí ayé ń wò. Pẹ́ńsù ló ní lọ́wọ́, pẹ́ńsù ló lò. Kí ni ẹ ní lọ́wọ́ tiyín?